Má Tíì Yí I: Nípa Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré Tó Forí Sọlẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Mo ní bàálù kékeré onírìmóòtù kan, nọ́ńbà 46 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mẹ́táńọ́ọ̀lù ló sì ń lò. Àbúrò bàbá mi ló mú un wá fún mi láti London. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbé e lọ sí pápá kan lọ́nà Odógbólú. Rìmóòtù kọ̀, kò gbọ́ràn mọ́, bàálù sì forí sọlẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Apá rẹ̀ méjèèjì fọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò fọ́. Erùpẹ̀ ló kún ẹnu kábúrétọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bu pẹtiróòlù sí i kí n sì sítáàtì rẹ̀, pé iyanrìn á fẹ́ jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń padà sílé ẹ̀kọ́, ó di Kérésìmesì kí n tó dé. Ṣé kí n tún un ṣe kí n tó lọ ni sà, àbí kí n kàn gbé e pamọ́?"

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Kò rọrùn kí ohun tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ alẹ́ tò pọ̀ di ègé pátákó lójijì. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé o béèrè kí o tó ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ wí, torí pé ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì ṣeé gbà là.

Kí o tó ka ìyókù, má yí pùròpẹ́là yẹn mọ́. Má fọwọ́ yí i wò bóyá ó ṣì ń yí. Má fi sítáàtà kàn án, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá kí ọ fọwọ́ kàn án ṣeré. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í sábà kú sí ibi tó já sí. Ilé ló ti máa ń kú, lọ́wọ́ ẹni tó yí i wò nígbà tí iyanrìn ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí nínú páálí tí wọ́n jù ú sí tòun ti epo tí kò jó tán. Iyanrìn àti ọ̀rinrin, àwọn méjèèjì yìí ni ọ̀tá rẹ báyìí, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ síwájú, orí wọn ló dá lé.

Wo ọ̀nà tí iyanrìn gbà wọlé. Lára nọ́ńbà 46 tó wọ́pọ̀, ìyẹn èyí tí inú rẹ̀ gba nǹkan bíi 7.5 cc, ẹnu kábúrétọ̀ wà níwájú, lórí ọrùn ẹ́ńjìnnì. Abẹ́ kábúrétọ̀ gan-an ni kíráǹkì, ọ̀pá tó ń yí pùròpẹ́là, gbà kọjá, inú kíráǹkì yìí sì ṣófo. Ihò kan wà lára rẹ̀ tó máa ń bọ́ sábẹ́ kábúrétọ̀ nígbà tó bá yí débẹ̀. Ihò yẹn ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé. Wọ́n á gba inú kíráǹkì lọ sẹ́yìn, wọ́n á tú jáde sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí bíárìn ńlá ti ẹ̀yìn wà, kí wọ́n tó gba ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ sílíìfù (páìpù irin tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀) gòkè lọ sórí písítìnì. Kò sí fíltà kankan lójú ọ̀nà yìí. Ohunkóhun tó bá bọ́ sẹ́nu kábúrétọ̀, ọ̀nà epo náà ni yóò tọ̀: yóò kọ́kọ́ bá bíárìn, yóò bá ìdí kọ̀nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráǹkì, yóò sì bá ara písítìnì.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá ń ṣiṣẹ́, ó lè yí ìgbà 12,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ààyè tó wà láàárín písítìnì àti sílíìfù kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Iyanrìn sì le ju alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe písítìnì lọ, ó le ju bráàsì lọ. Bí iyanrìn bá wà nínú gàrí Ìjẹ̀bú, eyín á mọ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á sì tu ú dànù. Bíárìn ò lè tu nǹkan kan dànù, ṣe ni yóò máa rún un lọ títí tí òun fúnra rẹ̀ á fi jẹ tán.

Ti pẹtiróòlù yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ kò ní in sínú ibi, ohun tí wọ́n ń ṣe sí jẹnẹrétọ̀ ló rò pé yóò ṣiṣẹ́ níbí. Pẹtiróòlù tí kò ní ọ́ìlì nínú yóò fọ ọ́ìlì tó ṣẹ́kù lára sílíìfù kúrò, irin á wá máa ha irin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, plọ́ọ̀gì rẹ kì í ta iná bíi ti ọ̀kadà. Wáyà tín-ín-rín tó ní platinum ló wà lẹ́nu rẹ̀. Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ mú un gbóná, bí o bá sì ti yọ bátìrì, mẹ́táńọ́ọ̀lù tó ń kan platinum yẹn ló ń jẹ́ kó máa pọ́n lọ. Pẹtiróòlù ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún un. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì náà ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, ìwọ á sì ti yí iyanrìn náà kálẹ̀ dáadáa.

Ó yá, ìbéèrè rẹ gan-an: ṣe é kí o tó lọ. Mi ò sọ pé kí o tò ó padà kó pé. Bí o bá ti lè tú u, kí o fọ̀ ọ́, kí o sì fi ọ́ìlì bò ó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ìyókù lè dúró de Kérésìmesì. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí o gbé e pamọ́ bó ṣe wà yẹn.

Ìdí rẹ̀ ni pé mẹ́táńọ́ọ̀lù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ́ńjìnnì yóò máa mu omi díẹ̀díẹ̀, yóò sì gbé omi náà dé ara bíárìn. Bí epo tí o ń lò bá sì ní nitromethane nínú, bó ti máa ń ní, jíjó rẹ̀ máa ń fi ásíìdì díẹ̀ sílẹ̀. Ásíìdì, omi àti irin bíárìn, ká ti àwọn mẹ́ta yìí mọ́ inú ihò kan ní Ìjẹ̀bú lásìkò òjò, níbi tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ ṣì máa ń tutù lálẹ́! Títí Kérésìmesì, ìpẹtà á ti mú àwọn bọ́ọ̀lù inú bíárìn. Mo ti tú èyí tí kò já rí, tí olówó rẹ̀ kàn gbé sílẹ̀ lẹ́yìn fífò ìkẹyìn láìfi ọ́ìlì sí i, bíárìn ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti pupa bí o ṣe ń wò ó.

Kí o tó fi omi tàbí epo kan ara rẹ̀, di gbogbo ẹnu rẹ̀ ná. Fi ègé fóòmù tàbí aṣọ tí kì í tú òwú di ẹnu kábúrétọ̀, fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ibi tí sàlẹ́ńsà ti jáde, kí o sì dojú kábúrétọ̀ kọlẹ̀ nígbà tí o bá ń fọ̀ ọ́, kí ohun tó bá bọ́ lè bọ́ síta. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti mẹ́táńọ́ọ̀lù tàbí epo bàálù rẹ gan-an ló dára jù. Kẹrosíìnì náà lè mú ìdọ̀tí kúrò lára irin níta. Má lo omi ọṣẹ. Má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ó wà nítòsí, mo sì mọ̀ pé kò níí gbowó púpọ̀, ṣùgbọ́n táǹkì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọn kì í fa omi rẹ̀ dànù máa ń ní omi nínú, omi náà ni yóò sì fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì rẹ. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn á tún ti iyanrìn wọ ibi tí kò tíì dé, yóò sì yí bíárìn gbẹrẹrẹ láìsí ọ́ìlì. Síríǹjì kan láti ilé oògùn ti tó fún iṣẹ́ yìí. Fi fa epo, kí o tú u sí ibi tí o fẹ́, kó máa ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí a má gbàgbé ewu tó wà lára mẹ́táńọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, mẹ́táńọ́ọ̀lù ni wọ́n rí i pé ó pa ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́yìn tí ojú wọn ti kọ́kọ́ ń ṣú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ṣiṣẹ́ níta gbangba, má sì gbé e sínú ìgò omi tàbí ìgò ọtí láéláé, pàápàá nínú ilé tí ọmọdé wà. Bí ó bá gbiná lọ́sàn-án, ó ṣòro kí o tó rí iná rẹ̀, nítorí náà kí sìgá, sítóòfù àti àbẹ́là jìnnà síbẹ̀.

Títú rẹ̀ wá kù. Tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí o sì fi fóònù rẹ ya fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan kí o tó yọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀tì ara rẹ̀, Allen key ló ń tú wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti 2.5 mm. Wo orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dáadáa: ihò rẹ̀ ti kún fún amọ̀ oko yẹn. Bí o bá ki Allen key bọ̀ ọ́ báyìí, kò níí wọlé tán, etí ihò á sì jẹ, o ò ní lè tú u mọ́. Mú abẹ́rẹ́, kí o fi wa amọ̀ náà jáde títí wàá fi rí ìsàlẹ̀ ihò tó ń dán. Kí Allen key wọlé dé ìdí, kó má mì, kí o tó fagbára sí i. Bó bá ṣì kọ̀, ọ́ìlì tó ti jóná ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, pàápàá bí epo rẹ bá ní òróró lárà (castor oil). Fi dráyà àwọn onídìrí fẹ́ ooru sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wàá rí i pé yóò tú.

Kábúrétọ̀ ni kí o kọ́kọ́ yọ. Kí o tó yọ ọ́, rọra yí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń díwọ̀n epo tó ń wọlé, wọlé títí tó fi dúró, kí o máa ka iye ìgbà tó yí, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iye yẹn ni wàá fi dá a padà. Lẹ́yìn náà, tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí kábúrétọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Bí o bá rí hóró iyanrìn lára kíráǹkì, má ṣe fi nǹkan yọ ọ́, dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kí o tú epo sí i láti ìsàlẹ̀ wá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdérí ẹ̀yìn. Ibí yìí ni wàá ti mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe tó. Yọ nọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fa ìdérí náà láìfi sukudiráífà kọ́ ọ, torí gáskẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà kan wà lábẹ́ rẹ̀. Fi ìka kan kan ọ́ìlì tó wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, kí o fi ra ojú gíláàsì kan, ti ìgò jáàmù náà ti tó, kí o wá fi èékánná ha á. Bó bá ń yọ̀ geere, tí o kò gbọ́ nǹkan kan, iyanrìn ò débẹ̀. Bó bá ń dún ṣẹrẹrẹ lábẹ́ èékánná, ó ti débẹ̀ nìyẹn. Tún ìdánwò yìí ṣe pẹ̀lú ọ́ìlì tó wà lẹ́bàá bíárìn gan-an.

Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, dúró níbẹ̀ o. Má tú u kọjá ibẹ̀. Àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé kí èèyàn tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn jíjá kọ̀ọ̀kan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Písítìnì àti sílíìfù ti mọ ara wọn, gbogbo ìgbà tí o bá sì yà wọ́n ni ewu pé o lè dá wọn padà lódìlódì. Fọ kábúrétọ̀, tú epo mímọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, kí o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti inú ohun tí o ṣàlàyé, mo fura pé wàá rí iyanrìn. Ó yá nígbà náà. Tú nọ́ọ̀tì héèdì ní ìdajì ìyípo kọ̀ọ̀kan, láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i, kí héèdì má bàa tẹ̀. Bí o bá rí pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀, ka iye rẹ̀, kí o sì tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 46 ò ní ríǹgì. Bráàsì tí wọ́n fi króòmù bò ni sílíìfù wọn, alumíníọ̀mù ni písítìnì, òkè sílíìfù sì fún ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ nígbà tó bá tutù. Ìdí nìyẹn tí o fi máa ń gbọ́ pé ó ń ké, tó sì ń lágídí, bí písítìnì bá dé òkè. Kì í ṣe àbùkù. Kó o má bàa jà pẹ̀lú rẹ̀, fi dráyà mú kéèsì, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tó gba gbogbo rẹ̀ sínú, gbóná, kí o rọra gbá etí rẹ̀ mọ́ pákó, sílíìfù á yọ fúnra rẹ̀. Má ki sukudiráífà bọ ojú ihò sàlẹ́ńsà láti fi tì í sókè. Ihò yẹn ní etí mímú. Bí o bá ti fá a, ẹ́ńjìnnì náà ti lọ nìyẹn.

Kí o tó yọ sílíìfù kúrò pátápátá, wo ibi tí àmì rẹ̀ kọjú sí. Kí o tó fa kọ̀nrọ́ọ̀dù kúrò lára kíráǹkì, fi bírò onínkì tí kì í pa rẹ́ sàmì sí ojú tó kọ sí ẹ̀yìn, kí o sì sàmì sí orí písítìnì ní ìhà sàlẹ́ńsà. Bí wọ́n ṣe wà ni wọ́n gbọ́dọ̀ padà. Wẹ ìkọ̀ọ̀kan wọn nínú abọ́ mẹ́táńọ́ọ̀lù tó mọ́, kí o sì máa pààrọ̀ epo náà títí kò fi ní sí ohunkóhun ní ìdí abọ́. Bí ọ̀dà pupa rúsúrúsú bá lẹ̀ mọ́ òkè písítìnì, má fi bébà iyanrìn ha á. Bí o bá fi sílẹ̀ sínú mẹ́táńọ́ọ̀lù mọ́jú, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè rọ̀. Èyí tó bá kù, jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Bíárìn ló máa gba sùúrù rẹ. Lẹ́yìn tí o bá ti yọ kíráǹkì, kéèsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́, kó gbẹ fún epo, kí rọ́bà kankan má sì sí lára rẹ̀. Gbé e sínú ọ́fùnù ní 150°C fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ bó bá gbóná, ìdí nìyẹn tí bíárìn yóò fi tú. Fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn gbé e, gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ pákó pẹlẹbẹ lẹ́ẹ̀kan, bíárìn ẹ̀yìn á jábọ́. Ti iwájú, fi igi kékeré tì í láti inú wá síta. Má gbé kéèsì sórí iná gáàsì o. Alumíníọ̀mù á ká, epo tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ á sì gbiná.

Lẹ́yìn tí o bá ti fọ bíárìn, kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, fi ìka kan di òrùka inú rẹ̀ mú, kí o fi èkejì yí ti òde díẹ̀díẹ̀. Kó lọ láìdúró. Bó bá ń kọsẹ̀, bó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí tí o rí àmì pupa lára bọ́ọ̀lù inú rẹ̀, sọ ọ́ nù. Bíárìn tí kò dára tí èèyàn ń fi ṣàánú lo ló máa ń já níkẹyìn, tí ègé rẹ̀ á sì lọ ba písítìnì jẹ́, ìyẹn sì wọ́n ju bíárìn lọ fíìfíì. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń ta bíárìn ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè bá ọ wá irú rẹ̀, bó bá sì ṣòro, Ládípọ̀ wà ní Èkó. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, wọn ihò inú, ìbú òde àti ìnípọn rẹ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní 608, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 8 mm nínú, 22 mm lóde, 7 mm ní ìnípọn. Bí o bá rí C3 (àmì pé ààyè inú bíárìn fẹ̀ díẹ̀) lára ti tẹ́lẹ̀, C3 náà ni kí o béèrè. Ti ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ní ìdérí, torí ọ́ìlì inú epo ló ń bọ́ ọ. Ti iwájú ló máa ń ní ìdérí rọ́bà ní ìhà òde.

Kíráǹkì wá ńkọ́? Bàálù tó fi imú sọlẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé o fojú rí i. Gbé e lé ojú gíláàsì tó tẹ́jú, kí ibi tí bíárìn máa ń dì mú jókòó sórí gíláàsì náà, kí o máa yí i, kí o sì wo imú rẹ̀ tó ń gba nọ́ọ̀tì pùròpẹ́là. Bí imú yẹn bá ń lọ sókè sódò, ó ti tẹ̀. Má tọ́ ọ. Irin líle ni, bí o bá tọ́ ọ, ó lè já nígbà tó bá ń sáré, kí pùròpẹ́là sì fò wá bá ọ. Wo etí kéèsì tí wọ́n fi ń dè é mọ́ bàálù pẹ̀lú. Bí ìlà kan bá ti là níbẹ̀, kéèsì tuntun lo nílò. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n jó o ní wẹ́dà, ooru iná wẹ́dà á fa ihò tí bíárìn ń jókòó sí jáde kúrò ní ipò rẹ̀. Pùròpẹ́là tó kan ilẹ̀ pẹ̀lú, sọ ọ́ nù, bí kò tilẹ̀ hàn pé ó là.

Kábúrétọ̀ ò le. Yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, yí i lórí gíláàsì náà láti mọ̀ bóyá ó tẹ̀, torí ó yọ síta, òun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Fi síríǹjì tú epo gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Rọ́bà róbótó kéékèèké wà nínú rẹ̀: má rẹ wọ́n sínú tínà tàbí pẹtiróòlù, wọ́n á wú. Plọ́ọ̀gì náà, fi bátìrì 1.5 V dán an wò. Kí wáyà rẹ̀ pọ́n rokoso. Bí wáyà náà bá ti wọ́, tàbí tí eérú iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn, ra òmíràn.

Ní báyìí tí gbogbo rẹ̀ ti mọ́, ó ku bí wàá ṣe gbé e pamọ́. Jẹ́ kí mẹ́táńọ́ọ̀lù tó wà lára wọn gbẹ tán. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì tí àwọn télọ̀ ń kán sí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo fẹ́ràn jù: ó mọ́, ó fúyẹ́, kì í dì, kò sì sí àdúgbò tí o kò ní rí i rà. Àwọn kan ń lo ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì. Òun náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n yọ rọ́bà kábúrétọ̀ kúrò kó má bàa kàn wọ́n. Má lo òróró ẹ̀pà, má lo epo pupa. Wọ́n á dì mọ́ ọn. Òróró lárà pàápàá, bó ti dára tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bó bá pẹ́ nílẹ̀ á di gọ́ọ̀mù. Oògùn ìpẹtà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n, bíi WD-40, dára láti lé omi jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára irin, kò lè dúró títí di Kérésìmesì.

Bí o bá ti ní bíárìn tó dára tí o sì ti tò ó padà, kán ọ́ìlì sẹ́nu kábúrétọ̀ àti ihò plọ́ọ̀gì, yí i díẹ̀díẹ̀ kó dé ibi gbogbo, kí o sì fi písítìnì sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kó má jókòó sí ibi tó fún lókè. Bí o kò tíì tò ó, fi ọ́ìlì bo ìkọ̀ọ̀kan, kí o fi bébà funfun wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Di gbogbo ẹnu ihò. Kó wọn sínú ọ̀rá tó ṣeé dì pa, kí o fi àwọn pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, èyí tí kò tíì pẹ́ níta, torí èyí tó ti pẹ́ níta ti mu omi yó. Kó gbogbo rẹ̀ sínú ike onídèérí, kí ike náà má jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Má gbé e sí ibi tí bátìrì mọ́tò, ajílẹ̀ tàbí Hypo wà, èéfín wọn ń jẹ irin. Kọ déètì sí ara ike, kí o kọ iye ìyípo abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ sí i pẹ̀lú, torí wàá ti gbàgbé.

Bátìrì tó wà nínú bàálù tó já yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, tó sì ti wú tàbí tó ti rún, gbé e jáde kúrò nínú ilé lónìí, sórí bíríkì níta. Ó lè gbiná lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ní Kérésìmesì, bí o bá ti kọ́ bàálù tuntun fún un, tú táǹkì epo wò kí o tó sítáàtì ohunkóhun. Irin wúwo kan wà ní orí páìpù inú táǹkì tó máa ń tẹ̀lé epo lọ síbi tó bá wà. Nígbà tí bàálù bá fi imú sọlẹ̀, irin yìí máa ń fò síwájú, á sì há síbẹ̀. Èèyàn á tún ẹ́ńjìnnì ṣe dáadáa, yóò ṣiṣẹ́ geere nílẹ̀, bí imú bàálù bá wá yí sókè tán epo ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á sì kú lójú òfurufú. Èèyàn á máa bú kábúrétọ̀, kábúrétọ̀ ò sì ṣẹ̀. Gbé táǹkì, mì ín, kí o gbọ́ irin náà kó máa lọ kó máa bọ̀.

Dè é mọ́ pákó tó wúwo fún ìdánwò àkọ́kọ́, kí o fi pùròpẹ́là tuntun 11x6 (ínǹṣì 11 ni gígùn rẹ̀, ínǹṣì 6 ni bó ṣe yẹ kó tẹ̀síwájú tó ní ìyípo kan) sí i. Ṣí abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ ju iye tí o kọ sílẹ̀ lọ díẹ̀, kí epo pọ̀ nínú rẹ̀. Fi igi tàbí sítáàtà yí i, má fi ìka, kí o sì dúró sẹ́yìn pùròpẹ́là, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀ tàbí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, pa á, jẹ́ kó tutù, kí o tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, tún nọ́ọ̀tì héèdì àti ti ìdérí ẹ̀yìn dè. Wo ọ́ìlì tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà lórí bébà funfun: bó bá jẹ́ dúdú bí ẹ̀dú, pẹ̀lú ohun tó ń dán nínú rẹ̀, irin ló ń jẹ irin níbì kan. Pa á lójú ẹsẹ̀, kí o padà sí bíárìn.

Ohun kan kù nípa ibi tí wàá ti fò ó. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá ń pè ọ́ wá sí ìhà Rẹ́mọ torí pé pápá pọ̀ níbẹ̀, rántí pé pápákọ̀ òfurufú ìpínlẹ̀ Ògùn wà láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn. Jìnnà sí i pátápátá. Ọ̀nà Odógbólú tí o ti ń fò tẹ́lẹ̀ dára, bí olóko bá gbà, kí o sì dán ìjìnnà rìmóòtù wò nílẹ̀ kí o tó gbé e sókè, torí rìmóòtù ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá tú u tí o sì rí ohun tí kò yé ọ, ya fọ́tò rẹ̀ ní ojúmọmọ, kí o kọ nọ́ńbà bíárìn sí i, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó tò ó padà.